Bí a ṣe ń dá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kékeré sílẹ̀, kí Ìjàpá àtijọ́ kan sì jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó bá máa pẹ́, orúkọ rere ló fi ń pẹ́, ojú iṣẹ́ sì ni orúkọ ti ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù nímọ̀ràn pé kó wá ọkọ̀ àtijọ́ kan, kó tún un ṣe látòkè délẹ̀, bó ti ń fi iṣẹ́ kéékèèké ojoojúmọ́ jẹun lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí mo yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Volkswagen Beetle, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá.

Mo ní ìdí. Ní ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn lójú ọ̀nà Badagry, ní Èkó. Títí dòní, ẹ ṣì lè rí i lẹ́yìnkùlé àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí koríko ti hù bò ó. Kò ní rédíétọ̀, kò sì ní brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀). Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ènìyàn méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan. Gbogbo ohun tó ń mú ọkọ̀ ṣiṣẹ́, iná, epo, afẹ́fẹ́ àti kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ojú lè rí i níbẹ̀, ọwọ́ sì lè kàn án. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ Ìjàpá dénú kò ní máa méfò nídìí Corolla.

Ìlànà kan ló gba inú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kọjá: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ó kan ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà, ó kan ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ó kan owó tí ẹ máa bèèrè. Kí a máa ra páàtì kan tẹ̀lé òmíràn títí ọkọ̀ yóò fi gbọ́, òun ló ń lé oníbàárà lọ.

Ilẹ̀, ìwé àti ẹgbẹ́

Ẹ má gba ilẹ̀ tó tóbi. Ibi tó gba ọkọ̀ mẹ́ta, tí òrùlé wà lórí ọ̀kan nínú wọn, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Òrùlé yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí pé Ìjàpá tí ẹ bá tú máa wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí irin tí ẹ ti ha ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, ìpẹtà yóò yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹ tó san owó, ẹ bi àwọn ará àdúgbò bí omi ṣe ń ṣàn níbẹ̀ lóṣù keje àti oṣù kẹsàn-án. Bí owó kò bá tó láti da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀, ẹ da ibi tí jáàkì máa dúró sí àti ibi tí ẹ ti máa tú ẹ́ńjìnnì.

Ìwájú ilé ni tàbí mẹ́káníìkì fíléèjì? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, fíléèjì ni mo fara mọ́. Panẹbítà wà níbẹ̀, ríwáyà wà níbẹ̀, wẹ́dà àti fọ́kànáísà kò jìnnà, kò sì sí aládùúgbò tó máa bínú torí ariwo. Oníbàárà tó wá bá ẹlòmíràn lè rí iṣẹ́ yín. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ ní àpótí irin tó ní àgádágodo fún irinṣẹ́, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà náà lóru.

Ẹ má gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún àyẹ̀wò abẹ́ ọkọ̀, bó ti wù kí ó rọrùn tó. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, inú kòtò náà ni yóò sì kó sí. Iná kékeré tó ta lára wáyà lè sun ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kí ẹ fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì ní báńkì, kí àdéhùn ilẹ̀ sì wà ní kíkọ. Ẹ lọ kí alága ẹ̀ka NATA (ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì) tó wà ládùúgbò kí ẹ tó ṣí, kí ẹ mọ iye tí wọ́n ń dá àti ọjọ́ ìpàdé. Ẹgbẹ́ yìí ló máa dúró tì yín lọ́jọ́ tí oníbàárà bá kó ọlọ́pàá wá, àwọn náà ló sì máa pe yín sí àkíyèsí bí iṣẹ́ yín kò bá mọ́yán lórí.

Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ fún ọ́ìlì tó ti bàjẹ́. Àwọn tó ń rà á wà. Ọ́ìlì tí ẹ bá dà sílẹ̀ lónìí lè dé inú kànga ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín.

Irinṣẹ́: kí lẹ máa kọ́kọ́ rà?

Sípánà 13 àti 17 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lára Ìjàpá. Ẹ ra odindi sẹ́ẹ̀tì láti 8 dé 19, olórùka àti ẹlẹ́nu, kí ẹ sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, torí nọ́ọ̀tì àáṣì ẹ̀yìn àti ti fuláíwíìlì kò gbọ́ sípánà mìíràn. Ní ti sípánà, tòkunbọ̀ láti Jámánì sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ẹ máa rí i ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Àraromi, Gate, n'Ìbàdàn.

Àwọn irinṣẹ́ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń fi sẹ́yìn, àwọn gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi síwájú: fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo), géèjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, mítà ti ríwáyà, iná táímìǹgì, àti sípánà tọ́ọ̀kì tó ń sọ bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó. Owó gbogbo wọn kò pọ̀ tó ti ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n tú láìnídìí. Ẹ fi skánà OBD2 kan, tó ń ka àṣìṣe láti inú brain box, kún un. Corolla, Camry àti Sienna tó máa bọ́ yín nígbà tí Ìjàpá bá wà nílẹ̀, láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ojú pílọ́ọ̀gì OBD2 sì ti wà lára gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ láti ọdún 1996.

Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè, kì í gbé e dúró. Ẹ ra sítáàńdì irin mẹ́rin, tuntun, kí ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì rọ́pò rẹ̀ láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti kú sábẹ́ ọkọ̀ nílẹ̀ wa nítorí èyí, kò sì sí iṣẹ́ kánjúkánjú kankan tó tọ́ ẹ̀mí ọmọ ẹni. Ẹ so ohun èlò panápaná oníyẹ̀fun mọ́ ibi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá, kí garawa iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ wẹ́dà àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́) lè dúró ná. Ẹ háyà wọn títí iṣẹ́ yóò fi pọ̀.

Ìjàpá wo ni kí ẹ rà?

Ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣì dúró. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú ṣeé jí. Ara tí ìpẹtà ti jẹ tán ló ń gbé owó mì.

Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Lápá ọ̀tún ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ásíìdì rẹ̀ sì ti jẹ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ Ìjàpá títí tí títì fi ń hàn. Ẹ fọwọ́ wá abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì: irin oníhò gígùn tó wà níbẹ̀ ló gbé ara ọkọ̀ ró, bí ó bá ń rún ní ìka ọwọ́ yín, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì iwájú, kí ẹ wo ihò tí táyà sípíà ń jókòó sí. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, kí ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti mú un, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ẹ gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Bó bá ń mì, ẹ wò ó bóyá píìnì ìdè ló jẹ tàbí òpó tí ìdè náà wọ̀ sí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ di pọ́ọ̀lì kírańkì, èyí tí fáńbẹ́ẹ̀tì yí ká nísàlẹ̀, mú, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Nínú ẹ́ńjìnnì tó pé, bí ó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ kò ju 0.07 sí 0.13 mílímítà lọ, ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ̀, kọ̀", ó ti kọjá 0.15 tó jẹ́ òpin, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka iye àtúnṣe ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́ owó ọkọ̀.

Nọ́ńbà ṣáásì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lórí irin tó la àárín ọkọ̀ kọjá. Ẹ fi wé ìwé ọkọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gé ibẹ̀, tí wọ́n sì jó irin mìíràn mọ́ ọn, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kódà bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí sítíríǹgì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti wọlé kí Nàìjíríà tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ó níyì, ṣùgbọ́n páàtì rẹ̀ kan ṣòroó rí. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tò l'Ékòó ló rọrùn fún.

Ìbéèrè tó máa ń kó ìpayà bá àwọn ènìyàn ni ti páàtì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá ní Brazil, wọ́n ṣe é níbẹ̀ títí di ọdún 1996, wọ́n sì ń ṣe é ní Mexico títí di oṣù keje ọdún 2003. Iye tí wọ́n ṣe lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Nítorí náà, páàtì tuntun ṣì ń jáde. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ ọdún ọkọ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, 1300, 1500 tàbí 1600, kí ẹ tó lọ sí ọjà.

Àyẹ̀wò kí ẹ tó tú u

Bí ọkọ̀ bá ti jókòó fún ọdún, ẹ má kàn gbé bátìrì sí i kí ẹ ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ fa bẹntiróòlù àtijọ́ dànù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sípánà yí pọ́ọ̀lì pẹ̀lú ọwọ́ títí yóò fi yí geere. Bó bá há, ẹ jẹ́ kó mu ọ́ìlì sùn, kí ẹ padà wá lọ́la.

Ẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì ná (àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù, mo máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), torí fáàfù tó fún jù á máa fi kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n hàn bí ẹni pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo, ẹ tú wáyà kọ́ìlì, kí ẹnì kan tẹ súrọ́tù (pẹ́dàlì epo) mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó sì máa ta á títí abẹ́rẹ́ géèjì yóò fi dúró. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ju psi 100 (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń fi hàn) lọ tí wọ́n sì sún mọ́ ara wọn, ẹ má tú ẹ́ńjìnnì náà. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ló ń sọ bóyá tọ́ọ̀pù sílíńdà nìkan ni kí a yọ tàbí gbogbo rẹ̀.

Nígbà títú, ẹ ya fọ́tò kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, kí ẹ sì tún yà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan fún bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bébà tí ẹ kọ orúkọ ibi tó ti wá sí. Agolo kan ṣoṣo tí a da gbogbo bóòtù sí ti sọ Ìjàpá púpọ̀ di ilé adìyẹ.

Ẹ́ńjìnnì

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ooru ló ń pa ẹ́ńjìnnì Ìjàpá nílẹ̀ wa, ọwọ́ mẹkáníìkì ló sì sábà ń fà á.

Fáànù Ìjàpá ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú yàrá ẹ́ńjìnnì lókè, ó ń fẹ́ ẹ sára sílíńdà, afẹ́fẹ́ náà yóò gbóná, yóò sì jáde sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá èéfín náà wà. Páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká àti rọ́bà tó tẹ̀lé etí rẹ̀ ló ya òkè tútù sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ gbígbóná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ju páànù yìí nù nítorí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, fáànù yóò máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná padà wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò máa jó ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì máa sọ pé Ìjàpá kò dára fún ilẹ̀ olóoru. Ọkọ̀ yìí rin aṣálẹ̀. Ẹ wá gbogbo páànù náà padà. Èyí tí ẹ kò bá rí, kí panẹbítà gé e láti ara àpẹẹrẹ, kí rọ́bà etí rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Ẹ tú ilé fáànù, ẹ máa rí ewé, eruku àti ìtẹ́ eku láàárín abẹ ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́.

Sílíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì níwájú, ló máa ń gbóná jù, torí ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù dúró lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Fáàfù sàléńsà ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa jù nígbà tí ẹ bá yọ tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Tápẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kó sun ṣọ́ọ̀bù mọ́jú ló dára jù. Ẹ yọ ìdérí dísítíríbútọ̀, kí ẹ yí pọ́ọ̀lì títí ọwọ́ rótọ̀ yóò fi dojú kọ àmì tó wà létí dísítíríbútọ̀, tí àmì pọ́ọ̀lì yóò sì bá ojú ìlà tó pín ẹ́ńjìnnì sí méjì mu. Sílíńdà kìíní nìyẹn, lápá ọ̀tún níwájú. Ẹ fi fílà géèjì 0.15 mílímítà sáàárín orí fáàfù kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì rẹ̀ àti bóòtù tápẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ̀ ẹ́. Kó máa wọ́ díẹ̀, kó má há. Ẹ yí pọ́ọ̀lì sẹ́yìn ní ìdajì, ẹ ṣe ti sílíńdà kejì. Ìdajì mìíràn, ẹ̀kẹta. Ìdajì mìíràn, ẹ̀kẹrin. Fáàfù tó ń dún "tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀" kò tíì bàjẹ́. Èyí tó dákẹ́ jù ni kí ẹ bẹ̀rù, torí kì í tì dáadáa mọ́, iná sì ń jó etí rẹ̀.

Ẹ ṣí kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ ní 0.4 mílímítà, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sí 0.6 sí 0.7. Ètò tí iná fi ń ta nínú sílíńdà ni 1, 4, 3, 2. Bí ẹ bá ń di nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ tẹ̀ lé ètò inú ìwé ọkọ̀, ẹ má sì fi agídí dì í: àwọn tó nípọn jẹ́ 23 ft-lb (ìwọ̀n tí sípánà tọ́ọ̀kì ń fi hàn), àwọn tínrín jẹ́ 18. Kékeré ni ti páànù ìsàlẹ̀ tí a fi ń da ọ́ìlì, 5 ft-lb péré. Ọwọ́ agbára ló ń yọ eyín bóòtù ibẹ̀.

Rọ́bà bẹntiróòlù àtijọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ fi báńdì dè tuntun níbi gbogbo. Fílítà bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ kọ́ sáàárín pọ́ǹpù àti kabúrétọ̀, lókè dísítíríbútọ̀. Ìwúwo rẹ̀ á máa fa rọ́bà, bẹntiróòlù á kán sórí iná, ọkọ̀ á sì jóná lójú pópó. Ẹ gbé e sí abẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣe lára Ìjàpá ẹlòmíràn, ẹ ṣe èyí.

Ara àti ọ̀dà

Kí wẹ́dà tó dé, ẹ tú bátìrì, ẹ gbé táǹkì bẹntiróòlù tó wà níwájú kúrò lọ́kọ̀ pátápátá, kí ẹ sì gbé e jìnnà. Táǹkì tó ń jò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o. Òfìfo rẹ̀ léwu ju kíkún rẹ̀ lọ. Tuntun ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá fẹ́ gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn lápá méjèèjì kí ara ọkọ̀ má baà tẹ̀. Ẹ ṣe apá kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ máa dán ilẹ̀kùn wò léraléra. Ìpẹtà tí ẹ bá fi pọ́tì bò yóò yọ padà láàárín òjò kan sí èkejì, orúkọ yín ni wọn yóò sì fi pè é. Ẹ gé e dé ibi tí irin ti mọ́ rekete.

Lẹ́yìn jíjó, ẹ ha ọ̀dà dé irin, ẹ kun púráímà epoxy lọ́jọ́ kan náà, kí pọ́tì tó tẹ̀lé e fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń fín ọ̀dà 2K (èyí tí a ń po mọ́ ohun tó ń mú un le) gbọ́dọ̀ lo ìbòmú tó ní àpò èédú, ìbòmú aláṣọ kò lè dá májèlé inú rẹ̀ dúró. Àwọ̀ tí ọkọ̀ fi jáde nílé iṣẹ́ ni mo máa ń dábàá, ẹ wo abẹ́ rọ́bà wíńdò, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ẹni tó mọyì ọkọ̀ àtijọ́ ń sanwó fún un.

Brékì, ẹsẹ̀ àti iná

Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà brékì láìwò bó ṣe rí lóde, torí inú ni wọ́n ti ń wú. Ẹ fi fúlúìdì DOT 3 tàbí DOT 4 tuntun sí i, kó má kàn ọ̀dà yín. Fún Ìjàpá ọlọ́wọ́ òsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ láti ọ̀tún ẹ̀yìn, kó kan òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, kó parí sí òsì iwájú. Nọ́ọ̀tì 36 ti ẹ̀yìn, 217 ft-lb ni. Bí ihò píìnì kò bá bára mu, ẹ dì í síwájú díẹ̀ sí i, ẹ má dá a padà sẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn máa ń yọ lọ fún ẹni tó bá gojú.

Àáṣì iwájú ní ojú gírísì mẹ́rin. Ẹ gbé iwájú kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fún un, kí gírísì lè wọlé yíká. Afẹ́fẹ́ táyà onírédíà: psi 18 níwájú, psi 27 lẹ́yìn. Fọ́kànáísà á fẹ́ fi iye kan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má gbà fún un, torí ẹ̀yìn ni ẹrù ẹ́ńjìnnì wà.

Ní ti iná, Ìjàpá tí wọ́n tò l'Ékòó jẹ́ fóòtì 12, wáyà rẹ̀ sì kéré. Ẹ yọ gbogbo fúùsì tí wọ́n fi bébà inú páálí sìgá wé, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ìdérí bátìrì. Ìjókòó ẹ̀yìn ní sípíríǹgì irin. Bí ẹni tó sanra bá jókòó sórí rẹ̀, sípíríǹgì á kan orí bátìrì, ìjókòó á sì gbaná.

Títa ẹ́ńjìnnì, àti owó

Ọ́ìlì tó ń wọ ẹ́ńjìnnì jẹ́ lítà méjì àtààbọ̀. Kí ẹ tó so púlọ́ọ̀gì, ẹ ta ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Fáńbẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé ní nǹkan bí mílímítà 15 bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ohun èlò panápaná wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn ń wo abẹ́ fún jíjò, ìwọ ọ̀gá ń gbọ́ ohùn. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Láti ìgbà náà, kìlómítà 5,000 ni òpin. Nínú gọ́ọ̀sìlóò Èkó, ẹ má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé dá lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti oníbàárà, ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele: àyẹ̀wò, ara, ẹ́ńjìnnì, brékì àti iná, ọ̀dà. Ẹ gba owó ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọ ọ́. Owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, rìsíìtì páàtì nínú ìwé, páàtì àtijọ́ nínú páálí fún olówó láti rí, kí fọ́tò sì máa lọ sórí WhatsApp rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ni kí ẹ yà fún un, kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa san háyà ilẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Kí Ìjàpá kejì má wọlé títí èkínní yóò fi jáde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi kọ́kọ́rọ́ lé olówó lọ́wọ́, ẹ fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ náà, kí ó rí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Ẹ rí i pé ìwé ọkọ̀ bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mu, pé ìnṣọ́ránsì wà, ó kéré tán third party tó jẹ́ ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti ọdún 2023. Kí ó tó wa ọkọ̀ lọ, ẹ fi iná pupa dáínámò hàn án lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: bó bá tàn lójú ọ̀nà, fáńbẹ́ẹ̀tì lè ti já, fáànù kò sì yí mọ́ nìyẹn. Kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lójú ẹsẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì pè yín. Ẹ fi bẹ́ẹ̀tì tuntun kan àti sípánà rẹ̀ sí abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì iwájú fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà sípíà.